Ọmọ Tí Wọ́n Fi Dí Àga

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, ẹ na etí. Ẹni tó bá ń já ewé ẹ̀fọ́ kó máa já a lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ yín. Ìtàn kan ń yún mi lẹ́nu, mo sì ṣèlérí fún yín pé kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ abiyamọ yóò ti bojú wẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ: ibi tí èèyàn bá gbà gùn ún náà ni yóò gbà sọ̀. Ọ̀pẹ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ti ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ní àbùjá. Ohun tí àbùjá náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin kan wà ní Ìwó wa níbí tó ń jẹ́ Ọládùnní. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ iṣẹ́ báńkì: oòrùn kì í mọ ojú ẹni tó ń ṣe é. Olútáyọ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ọlọ́run fi Jonathan, Àdúrà àti Ẹyinjúolúwa ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹyinjúolúwa ni àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ káyín iwájú, tí ọ̀rọ̀ ń gba ihò eyín náà jáde bí ìfé. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, Ọládùnní ń tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda rẹ̀ lásìkò ọdún Àjíǹde, inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n.

Ó ní, "Erin-Ìjẹ̀ṣà là ń lọ. Ẹ ó fojú yín rí omi tó ń já bọ̀ láti orí òkè."

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wo òkè àjà. Wọ́n ní, "Omi tó ń já bọ̀ láti òrùlé wa nígbà òjò ńkọ́? Ṣé ẹ ti wo ìyẹn tán?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú Bíbélì wọn àti ìdì mọ́ínmọ́ín. Nimotallahi aládùúgbò wọn náà bá wọn lọ. Olùkọ́ ni, ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò lẹ́nu òwò. Ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀lé wọn, Sodiqat àti Badrudeen ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Orin àwọn ọmọ ló gbé wọn kúrò ní Ìwó.

Wọn ò tíì fi Ilé-Ogbó sílẹ̀ jìnnà tí orin fi dákẹ́. Tírélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì ti dùbúlẹ̀ gbalaja sójú títì bíi màlúù tó jẹun yó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé. Ọkọ̀ tò lẹ́yìn ara wọn, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń bú ẹni tí wọn ò mọ̀. Oòrùn ń gun òkè. Ọládùnní ń wo oòrùn náà bí ẹni ń wo olè tó ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Gbogbo ìsinmi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọrọ ni kó wá parí sẹ́yìn ìdí tírélà?

Ni ọlọ́kadà kan bá ń kígbe lẹ́bàá ọ̀nà. "Àbùjá wà o! Ẹ gba Abà Ìdí-Obì, ẹ ó já sí títì lókè lọ́hùn-ún!"

Wọ́n yà. Ẹnu àbáwọlé abà náà ni wọ́n ti bá okùn tí wọ́n fà dábùú ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lẹ́bàá okùn náà. Baba Yísà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń bá wọn gbé okùn sókè, tó ń bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀.

Baba Yísà ní, "Ẹ káàbọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà lábà wa. Ti ìsàlẹ̀ gba inú àbàtà, ó máa ń pẹ́, ẹni tó bá sì gbà á yóò san owó ibodè. Ti òkè, ilẹ̀ rẹ̀ le, ó yá, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àga kan bá ṣófo nínú rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba ti òkè."

Olútáyọ̀ béèrè pé, "Èéṣe, Baba?"

"Nítorí ẹ̀yin ará ìgboro. Ọkọ̀ tó lè gbé odindi agboolé, ẹnì kan ṣoṣo ní í jókòó sínú rẹ̀. Táyà yín ni yóò jẹ ọ̀nà oko wa tán. Ẹ kó ara yín pọ̀, kí ọkọ̀ dínkù."

Olútáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Báyìí gan-an ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tó bá kó èèyàn pọ̀."

"Ẹ ò rí wọn bí? Ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ti jí i gbé."

Ọkọ̀ ti Olútáyọ̀ kún, kò síbi tí abẹ́rẹ́ lè dúró sí. Ti Nimotallahi ni kò kún. Olútáyọ̀ ní kí obìnrin náà gba ìsàlẹ̀, òun yóò sanwó rẹ̀, àwọn yóò dúró dè é lójú títì. Nimotallahi ní kò burú. Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ọládùnní ló kọ̀.

Ó ní, "Rárá o. À ń lọ pọ̀, ká dé pọ̀. Tí a bá ní ká máa dúró de ara wa, ilẹ̀ á ṣú, omi tí a fẹ́ lọ wò á di gbígbọ́." Ó fa Nimotallahi sẹ́yìn ọkọ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. Nimotallahi mi orí, ó tún mi orí, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ọgbọ́n tí Ọládùnní dá rèé. Ọkọ̀ tiwọn, tó kún, yóò kọ́kọ́ kọjá. Tó bá ti yí kọ́nà igi obì, tí Baba Yísà ò rí wọn mọ́, àwọn ọmọ yóò sọ̀kalẹ̀, wọn yóò sá gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko ẹ̀gẹ́ padà, wọn yóò wọ ọkọ̀ Nimotallahi. Òun náà á kún. Àwọn ọmọ kan náà ni yóò fi kún ọkọ̀ méjèèjì. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé ìdí okùn, ọ̀dọ́kùnrin náà yọjú wọ fèrèsé, ó na ìka sí àwọn ọmọ. "Ọ̀kan, èjì…"

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbà! "Pa ẹnu rẹ mọ́! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ṣé ewúrẹ́ lo rí ni?"

Baba Yísà náà jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ yìí, ta ló kọ́ ẹ nílé? Ẹ má bínú, Ìyá. Àga tó ṣófo là ń wá, a ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni." Wọ́n gbé okùn sókè.

Lẹ́yìn igi obì, Ọládùnní ṣílẹ̀kùn. "Jonathan, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ sáré! Ẹ wọ ọkọ̀ Màmá Sodiqat, kí ẹ má sọ nǹkan kan." Jonathan ló ṣíwájú, Àdúrà tẹ̀lé e, Ẹyinjúolúwa gbẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kan di sálúbàtà rẹ̀ mú kó má bàa yọ. Ewé ẹ̀gẹ́ pa dé mọ́ wọn lẹ́yìn.

Olútáyọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. "Ìyá Jonathan, ṣé èyí yẹ wá?"

"Ṣé èèyàn la pa ni?"

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Nimotallahi fi yọ lẹ́yìn wọn, tó fun fèrè pìn-ín pìn-ín, bí ẹni ń sọ pé a ti mú un jẹ. Ọládùnní na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó jù ú sí i. Wọ́n ń lọ.

Ilẹ̀ ọ̀nà òkè náà le, ṣùgbọ́n ó tóóró. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ò lè yí padà, iwájú ni gbogbo wọn ń lọ, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò kan, wọ́n rí ibi tó fẹ̀ díẹ̀, wọ́n yà síbẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa kọjá. Ìyá Àgbà ní ebi ń pa àwọn ọmọ. Ọládùnní gbé mọ́ínmọ́ín, ó lọ sídìí ọkọ̀ Nimotallahi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ń pín mọ́ínmọ́ín gba ojú fèrèsé. Jonathan gbà. Àdúrà gbà. Sodiqat kúnlẹ̀ sórí àga, ó gbà. Badrudeen gbà. Ọwọ́ Ọládùnní tún na ọ̀kan sí i, ọwọ́ kan kò jáde wá gbà á.

"Ẹyinjú dà?"

Nimotallahi yí orí padà. "Ẹyinjú? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà."

"Ọ̀dọ̀ wa kẹ̀?"

"Àbí? Nígbà tí mi ò rí i pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní ọmọ ìdí ìyá ni, kò fẹ́ fi yín sílẹ̀. Àga sì ti kún, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan."

Ọládùnní yíjú sí Jonathan. Ọmọ náà ti ń sunkún kí wọ́n tó bi í. "Sálúbàtà rẹ̀ yọ, Mọ́mì. Ó ní ká dúró. Mo rò pé ó ti padà sọ́dọ̀ yín."

Mọ́ínmọ́ín bọ́ lọ́wọ́ Ọládùnní. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Igba ojú wà lójú ọ̀nà náà lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan tó wo Ẹyinjúolúwa. Bí ẹnì kan bá ti ka orí wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ní sísọ sínú, ì bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ náà kò sì ka tirẹ̀.

Orí Olútáyọ̀ dàrú. Ojú rẹ̀ lọ sínú odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀lé ojú rẹ̀. Ó wọ inú omi pẹ̀lú bàtà, ó ń fi ọwọ́ ya koríko etí omi, ó ń pe orúkọ ọmọ. Ìyá Àgbà ká ọwọ́ lórí, wọ́n ń pe Jésù. Ọládùnní kò dúró. Ó sáré padà sídìí igi obì, ó kọrí sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ inú ẹ̀gẹ́, nítorí ibẹ̀ ló rán ọmọ gbà.

Gèlè rẹ̀ há sórí igi ẹ̀gẹ́, kò padà mú un. "Ẹyinjú o! Ẹyinjúolúwa!" Ẹyẹ ló fò lọ, ewé ló dáhùn. Ó ń sáré, ó ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà. Kí Ó gba báńkì. Kí Ó gba ìsinmi, kí Ó gba omi tó ń já bọ̀, òun ò fẹ́ rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà máa ń sọ ń yọjú sọ́kàn rẹ̀, ó ń tì í padà, ó tún ń yọjú: pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ síta.

Láàárín oko, ó rí i. Ẹsẹ̀ sálúbàtà kan, aláwọ̀ ọsàn, ó dojú dé. Ó mú un, ó gbé e mọ́ àyà. Ibẹ̀ ni igbe ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, irú igbe tí ìyá ń ké nígbà ìrọbí.

Nígbà tó dé ìdí okùn, orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Baba Yísà rò pé ó ń kí àwọn ni. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi, a dúpẹ́," kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀ àti ohun tó gbá mọ́ra.

"Baba, ọmọ mi! Ọmọbìnrin kékeré, ó káyín iwájú!"

"Èyí tó wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan?" Ojú bàbá náà mọ́lẹ̀. "Fọkàn balẹ̀. Ó ti bá bàbá rẹ̀ lọ."

"Bàbá rẹ̀ wo? Bàbá rẹ̀ wà nínú odò!"

Ojú bàbá náà tún ṣókùnkùn. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ló dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun, irú èyí tí iwájú rẹ̀ ò gbà ju awakọ̀ àti ẹnì kan lọ. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kó gba ìsàlẹ̀. Ó yí ọkọ̀ padà. Kò pẹ́, ó tún dé, ọmọbìnrin náà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo bi í pé ta nìyí. Ó ní ọmọ òun ni. Ọmọ náà ò sì sunkún. Àga rẹ̀ ti kún. Mo… mo gbé okùn sókè fún un."

Ọládùnní gbọ́ ọ. Ó ti gbọ́ ìròyìn nípa àwọn ajọ́mọgbé tó. Ọmọ òun ni! Ọ̀rọ̀ kékeré náà, tí gbogbo wa ń sọ lóòjọ́ sí ọmọ aládùúgbò, sí ọmọ tó ta omi fún wa, sí ọmọ tí a ò rí rí. Baba Yísà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun náà ní ọmọ wọn ni.

Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ ka àwọn ọmọ níṣàájú ti ṣáná sí ọ̀kadà. "Ẹ gùn ún, Ìyá! Tó bá já sí títì kí a tó bá a, a ò ní mọ ibi tó yà sí."

Wọ́n gba ojú ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń fi apá ha ara àwọn ọkọ̀. Ọládùnní ń yọjú wo gbogbo ọkọ̀ tó funfun. Awakọ̀ kan yọ orí, ó ní, "Kí ló sọnù?" Wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ẹ ò kà wọ́n kí ẹ tó gbéra ni?" Kò fi ìkà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wọ Ọládùnní lára bí ẹ̀gún.

Létí odò, Nimotallahi dìde dúró lójú ọ̀nà. Ọládùnní pariwo láti orí ọ̀kadà, "Ọkọ̀ akẹ́rù funfun ńkọ́?"

Nimotallahi ká ọwọ́ lórí. "Yéè! Ó ti kọjá! Èmi ni mo sún ọkọ̀ fún un! Mi ò rí ọmọ nínú rẹ̀, Ìyá Jonathan, mi ò rí ọmọ!"

Wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ kò rìn mọ́ níwájú. Gbogbo wọn dúró, tí gbogbo wọn ń fun fèrè, èébú ń fò lókè. Láàárín ariwo náà, fèrè kan ń dún tó yàtọ̀: pò-pò-pò, á dákẹ́, á tún dún, bí ẹni tó ń fi í ṣeré. Ọládùnní bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà kó tó dúró.

Ibi tí ọ̀nà oko ti pàdé títì, ọkọ̀ akẹ́rù funfun náà ti dábùú ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan na apá méjèèjì síwájú rẹ̀, òógùn bò ó. Àwọn awakọ̀ yí i ká, wọ́n ń pè é ní wèrè. Ó ní, "Ẹ bú mi, ẹ lù mí. Ọkọ̀ kankan ò ní kọjá níbí títí màá fi rí ìyá ọmọ yìí!" Nínú ọkọ̀ náà, ẹni kékeré kan kúnlẹ̀ sórí àga awakọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fèrè.

"Mọ́mì!" Ìfé eyín tó ká ló kọ́kọ́ dé etí Ọládùnní.

Ó gbá ọmọ náà mú débi pé ọmọ ní òun ò lè mí. Ìgbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dìde, ó sì fa ọkùnrin náà láṣọ. "Ta lo pè lọ́mọ rẹ? Ìgbà wo lo bí i?"

Ọkùnrin náà, Mikail lorúkọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sójú eruku. "Ẹ dárí jì mí, ìyá mi. Mo bá a níbi tó ti ń sunkún lẹ́bàá oko. Mo bi í pé ìyá rẹ dà, ó nawọ́ síwájú, ó ní wọ́n ti lọ. Mo ní ó dáa, a ó lé wọn bá. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kejì ni pé àga mi ṣófo, mo sì ń kánjú. Nígbà tí bàbá bi mí, ẹnu mi ló sáré sọ ọ́. Ó wá sùn lọ. Ìgbà tó jí létí títì, tó ní òun ò rí ọkọ̀ Dádì òun, ẹ̀rù bà mí. Mo ní tí mo bá kúrò níbí, mo ti di gbọ́mọgbọ́mọ nìyẹn."

Ọwọ́ Ọládùnní ti wà lókè láti gbá a létí. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì gbá a.

"Dìde. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi í dí àga."

Olútáyọ̀ dé tòun ti aṣọ tó ń kán omi, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sunkún bí ọmọdé. Nimotallahi kó àwọn ọmọ yòókù dé, ó fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìwó ni wọ́n ń padà sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, Ọládùnní ta gìrì. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó na ìka sí orí Jonathan. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ju èèwọ̀ lọ.

Ìyá Àgbà di ìka náà mú, wọ́n rọra ká a. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká má ka ọmọ. Wọn ò ní ká má ki ọmọ." Wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ, wọ́n gbé ohùn sókè lójú títì níbẹ̀. "Àkànní!"

Jonathan ní, "Mà!" Ó wọlé.

"Àjọkẹ́!" Àdúrà dáhùn. Wọ́n pe Àṣàkẹ́, Sodiqat dáhùn. Wọ́n pe Àyìnlá, Badrudeen dáhùn. Wọ́n wá kọjú sí Ẹyinjúolúwa. "Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi."

"Mà!" Ó súfèé jáde.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Títí dòní, bí ìdílé náà bá ń jáde, kódà bó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ni, ẹnì kan yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò pe oríkì oníkálukú, ẹni tí kò bá dáhùn, ọkọ̀ kì í rìn. Àwọn tí kò mọ̀dí rẹ̀ ń rò pé ìfẹ́ àṣejù ni. Nimotallahi aládùúgbò wọn, tó sún ọkọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù funfun lọ́jọ́ náà, ló sọ ìtàn yìí fún mi nínú ọgbà ilé rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe Àṣàkẹ́, ó pe Àyìnlá, ó dúró títí wọ́n fi dáhùn kó tó padà wá jókòó.